Ohun Tí Mo Fẹ́ Sọ fún Àwọn Mọ́kànlá

Ẹ má bi mí bí mo ṣe rìn dé ìlú òyìnbó. Ọ̀nà yòówù kéèyàn gbà dé, ibì kan náà ni gbogbo wa ń bọ́ sí: yàrá kékeré kan tó ní fèrèsé kan, níbi téèyàn á ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tí á máa gbọ́ èémí ara rẹ̀. Ìdákẹ́rọ́rọ́ yẹn ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí. Sábó ní Ṣàgámù ni wọ́n bí mi sí. Láti àárọ̀ kùtù ni àwọn oníbàárà ìyá mi tó ń ra obì ti máa ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà wa, tí ìyá mi náà á máa fi èdè Hausa tó kọ́ nínú ìjà dá wọn lóhùn. Níbí, mo lè wà nílé láti ọjọ́ Jímọ̀ títí di ọjọ́ Ajé kí n má gbọ́ ohùn èèyàn, àfi ti rédíò.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo rí iṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn. Ọ̀gá wa, obìnrin òyìnbó kan tó ga, gbé aṣọ iṣẹ́ lé mi lọ́wọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Orúnkún mi kò dúró gbàṣẹ, ó ti tẹ̀. Obìnrin náà figbe ta, ó gbá mi mú lábíyá, ó ní kí wọ́n gbé àga wá, kí wọ́n bu omi wá. Ó rò pé òòyì ló kọ́ mi. Mo jókòó sórí àga náà, mo mu omi tí òùngbẹ rẹ̀ kò gbẹ mí, ojú sì tì mí láti sọ fún un pé mo kàn ń kí i ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kìlọ̀ fún orúnkún mi.

Iṣẹ́ ilé ìfọṣọ kò fẹ́ ẹnu. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ni, láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Wọ́n á dé pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́, wọ́n á wọ inú ẹ̀rọ, wọ́n á jáde ní funfun, wọ́n á gbóná débi pé ìka èèyàn á máa ta. Èèyàn méjì ló ń ká aṣọ kan. Èmi àti obìnrin ará Poland kan la jọ ń ká a, a sì wo ojú ara wa fún ọdún mẹ́fà gbáko. Tó bá ti fẹ́ sín, mo ti mọ̀. Ṣùgbọ́n n kò mọ orúkọ ọmọ rẹ̀, òun náà kò mọ̀ pé opó ni mí, pé ọkọ mi ti kú kí n tó kúrò nílé, àti pé a kò bímọ.

Nítorí náà, ìyá mi nìkan ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mo ń pè é. Tí mo bá pè, mo máa ń bá a nídìí agbọ̀n obì, ó ń bó o, ó ń ṣà á, fóònù á wà láàárín etí àti èjìká rẹ̀. Á bi mí ohun tí mo jẹ. Á bi mí bóyá òtútù mú. Lẹ́yìn náà á wá ròyìn Sábó fún mi: ẹni tó kú, ẹni tó bímọ, ẹni tó fi obì oníkòkòrò sábẹ́ èyí tó dáa tí ọwọ́ tẹ̀. Mo máa ń gbé fóònù náà sórí tábìlì nígbà mìíràn, màá sì máa se oúnjẹ, kí ohùn rẹ̀ ṣáà wà nínú ilé.

Ọdún kẹsàn-án tí mo dé ni lẹ́tà kan wọlé láti kóòtù. Nílé wa, ẹni tí kóòtù bá kọ̀wé sí, ó ti ṣẹ̀. Mo fi lẹ́tà náà pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí fún ọjọ́ méjì, mo ń ro ohun tí mo jí. Ọjọ́ kẹta ni mo gbé e lọ bá ọ̀gá mi níbi iṣẹ́. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kì í ṣe pé o ṣẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí o wá bá wọn jókòó ni."

Ó wá ṣàlàyé. Ní ìlú wọn, adájọ́ nìkan kọ́ ló ń dá ẹjọ́ ńlá. Wọ́n á kó èèyàn méjìlá jọ láàárín ìlú, onígbàjámọ̀, tíṣà, ẹni tó ń fọṣọ, wọ́n á ní kí wọ́n gbọ́ tẹnu gbogbo ẹni tọ́rọ̀ kàn. Àwọn méjìlá yìí, tí wọ́n ń pè ní júrì, ni wọ́n á sọ bóyá ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Ó ní dandan ni kí n lọ.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí inú mi ṣe dùn tó. Fún ọdún mẹ́sàn-án, kò sẹ́ni tó béèrè èrò mi lórí ohunkóhun, àfi bóyá mo fẹ́ àpò ìrajà tàbí n kò fẹ́. Ìjọba wá kọ̀wé sí mi, wọ́n pè mí ní ìyáàfin, wọ́n ní kí n wá fi ọgbọ́n orí mi bá wọn wo ọ̀rọ̀ kan. Mo ra bàtà tuntun. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi, ó pariwo débi pé àwọn tó ń bá a bó obì béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, gbogbo Sábó ti gbọ́ pé èmi ni adájọ́ ìlú òyìnbó.

Adájọ́ gidi, obìnrin àgbàlagbà kan tó ní ohùn jẹ́jẹ́, kìlọ̀ fún wa ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó ní a kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ ẹjọ́ náà, ì báà jẹ́ ọkọ wa, ì báà jẹ́ ọmọ wa. Ó ní tí ẹnikẹ́ni bá wá bá wa nítorí rẹ̀, kí a kọ ọ́ sínú ìwé fún òun lójú ẹsẹ̀. Ó ní ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni, ó ti gbé èèyàn dé ẹ̀wọ̀n rí. Gbogbo wa mi orí. Èmi náà mi tèmi. Lọ́kàn mi, àwọn aládùúgbò ló ń sọ, àwọn ẹlẹgbẹ́ níbi iṣẹ́, àwọn oníròyìn. Ìyá arúgbó kan tó ń bó obì ní Ṣàgámù, tí kò gbọ́ òyìnbó, tí kò sì lè fẹsẹ̀ dé ìlú náà, báwo ló ṣe fẹ́ jẹ́ ẹnikẹ́ni?

Wọ́n wá mú ọmọkùnrin kan wọlé sẹ́yìn gíláàsì. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀, ọkàn mi fò. Wàsíù. Wọ́n pe orúkọ bàbá rẹ̀, ó jẹ́ orúkọ tèèyàn lè bá ní ẹnu ọ̀nà mẹ́ta mẹ́rin láàárín Makun sí Ijoku ní Ṣàgámù. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ wa bóyá ẹnikẹ́ni mọ̀ ọ́n. N kò mọ̀ ọ́n. N kò rí i rí láyé mi. Mo dákẹ́.

Ẹ̀sùn rẹ̀ nìyí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin fi mọ́tò gbá ẹnì kan tó ń gun kẹ̀kẹ́, ó sì sá lọ. Ìyá òyìnbó kan tó ń dá gbé ní òdìkejì títì ló rí i, tó ka nọ́ńbà mọ́tò náà fún ọlọ́pàá. Òun nìkan ni ẹlẹ́rìí. Kí ẹjọ́ ẹ̀gbọ́n tó bẹ̀rẹ̀, àbúrò lọ sí ilé ìyá náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó ní kó má lọ jẹ́rìí. Òfin wọn kò fẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tó bá dẹ́rù ba ẹlẹ́rìí kó lè panu mọ́, ó ti fẹ́ fọ́ ẹsẹ̀ ìdájọ́, ẹ̀wọ̀n ló sì ń fi ṣeré.

Kámẹ́rà wà lẹ́nu ọ̀nà ìyá náà. Wọ́n fi àwòrán rẹ̀ hàn wá. Wàsíù dé nínú òjò, ó kan ilẹ̀kùn, ó sì na gbalaja sílẹ̀, ó fi àyà kan símẹ́ńtì tútù. Ó wà níbẹ̀. Ìṣẹ́jú ń lọ. Àpò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lọ́yà ìjọba gbé àwòrán ohun tó wà nínú àpò náà sókè: ìgò oyin kan, páálí omi èso kan, àti obì gbànja márùn-ún. Ó ní ìyá náà kò mọ ohun tí àwọn èso pupa náà jẹ́, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti rò pé májèlé ni. Èmi, ọmọ olóbì, mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Obì ọ̀hún kò tilẹ̀ dáa, ó ti ń rọ.

Ìyá náà jẹ́rìí. Ó kéré, ọwọ́ rẹ̀ tínínrín. Ó ní ọjọ́ àkọ́kọ́, òun rò pé ọmọ náà ṣubú ni. Ọjọ́ kejì, òun ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Ọjọ́ kẹta, òun kó lọ sí ilé ọmọ òun, òun kò sì tíì lè padà sílé òun láti ìgbà náà.

Ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ bíríkìlà ló jókòó tì mí nínú júrì. Onínúure ni, ó máa ń fún mi ní súìtì. Ó rọra sọ fún mi nígbà ìsinmi pé, "Ta ló ń ṣe irú ìyẹn? Ta ló ń lọ dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà obìnrin arúgbó?"

Mo fẹ́ dá a lóhùn. Lọ́yà Wàsíù ti gbìyànjú, ó ní àṣà ìlú rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ wéréwéré bí ẹni tí òun fúnra rẹ̀ kò gbà á gbọ́. Wàsíù náà bọ́ síwájú, ó ní "I was begging her," pé òun ń bẹ̀ ẹ́ ni, ó sì jókòó. Wọ́n ti sọ fún wa pé a ó wọ yàrá kan ní ọjọ́bọ̀, àwa méjìlá, a ó ti ilẹ̀kùn, ẹnì kọ̀ọ̀kan á sì sọ ohun tó rí. Mo ń tọ́jú ọ̀rọ̀ mi de yàrá yẹn. Mo ń tò ó nínú bọ́ọ̀sì, mo ń tò ó nínú ilé ìwẹ̀. Èmi nìkan nínú àwa méjìlá ni mo mọ ohun tí mo rí nínú àwòrán yẹn. Bí mo bá sọ ọ́ dáadáa, ọmọ náà á lọ sílé. Bí n kò bá sọ ọ́, ẹ̀wọ̀n ni.

Ẹrù yẹn ló wúwo jù fún mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo pe ìyá mi, ó sì gbọ́ ọ lóhùn mi.

"Kí ló ń ṣe ọ́? Wo ò jẹun?"

"Mo jẹun, Mọ́mì. Ọ̀rọ̀ kóòtù yìí ni."

Bó ṣe di pé mo sọ ọ́ nìyẹn. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí mọ́tò dé orí obì rírọ̀. N kò tilẹ̀ gbúròó obì tó ń bó mọ́.

"Ùwọ nìkan láàárín òyìnbó mọ́kànlá?"

"Èmi nìkan."

"Ọmọ ta ni ọmọ ọ̀hún?"

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti ilé wa wá, ẹ mọ̀ pé ìbéèrè yẹn kò ní ibi àsá sí. Mo pe orúkọ bàbá rẹ̀. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ló ní, "Áà! Ará Ijoku! Ulé wọn kò jìnnà sí kànga àtijọ́. Ìyá bàbá rẹ̀ la jọ ń ra obì lóko nígbà kan."

Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Òfin ni. Wọ́n lè torí ẹ̀ tì mí mọ́lé."

"Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Ẹyin lohùn. Ìyá mi kò ṣe é níkà, kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó pàdé ìyá àgbà Wàsíù lọ́jà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin náà ń sunkún nítorí ọmọ ọmọ rẹ̀. Ta ló lè rí arúgbó tó ń sunkún, kó ní ìròyìn ayọ̀ lẹ́nu, kó gbé e mì? Ó sọ fún un pé kó nu ojú nù, pé ọmọ òun wà níbẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́rú, ìyá mi ló pe èmi. Kì í pè mí. Ó ní, "Àlejò kún ulé mi."

Àwọn mẹ́ta ló wá: ìyá àgbà náà, ẹ̀gbọ́n bàbá Wàsíù, àti bàbá arúgbó kan tó máa ń gbàdúrà ní mọ́sáláṣí àdúgbò wọn. Wọ́n gbé obì wá bẹ ìyá olóbì. Ìyá àgbà náà kúnlẹ̀, àwọn ọkùnrin méjèèjì sì dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ pálọ̀ wa, bàbá arúgbó yẹn pẹ̀lú ìdí ríro rẹ̀. Wọ́n ní kó bá wọn sọ fún mi pé kí n má jẹ́ kí ọmọ wọn ṣẹ̀wọ̀n nílẹ̀ àjèjì.

"Kí lẹ wá sọ fún wọn, Mọ́mì?"

"Mo gba obì wọn. A ti pa á, a ti jẹ ẹ́. Mo ti fi ọ́ dá wọn lójú."

Ó tún ní, "Ṣé o gbọ́ mi? Mo ní mo ti gbà á. Bàbá yẹn kò fẹ́ dìde. Ó ní òun á sùn síbẹ̀. Ṣé mo lè kọ̀ ni?"

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo wo bàtà tuntun mi. Ohun tó dun mí jù ni pé mo ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ọmọ náà kò jẹ̀bi. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí. Ojú mi ni mo fi rí i, ọgbọ́n ara mi ni mo fi gbé e. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń tò bí obì sínú agbọ̀n, tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò kàn, wọ́n ti tọwọ́ bọ̀ ọ́. Tí mo bá wá sọ ọ́ ní yàrá yẹn, ṣé èmi ni mo ń sọ ọ́, àbí obì tí ìyá mi jẹ?

Síbẹ̀ mo pinnu pé màá sọ ọ́. Ẹ gbà mí gbọ́. Mo sọ fún ara mi pé Ṣàgámù jìnnà, pé kò sí òyìnbó tó máa gbọ́.

Àárọ̀ ọjọ́bọ̀, a wọlé, a jókòó. Wàsíù dìde lẹ́yìn gíláàsì rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ó wò mí. Ojú rẹ̀ ti yàtọ̀ sí ti àná, ìrètí wà nínú rẹ̀. Ó sì tẹ̀ ba, ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó fi ìka kan ilẹ̀. Wọ́n ti pè é láti ilé. Kò lè rí àgbà tó ti ilé wá kó má kí i, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé dáadáa ni.

Ọkùnrin bíríkìlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yí ojú sí mi. Ó ní, "Ṣé ìwọ ló ń kí yẹn?"

Kí n má purọ́ fún yín, òdodo kọ́ ló mú mi kọ ìwé sí adájọ́. Ẹ̀rù ni. Mo rí ojú ọkùnrin yẹn, mo sì mọ̀ pé bí n kò bá sọ ọ́, òun á sọ ọ́. Mo béèrè bébà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kóòtù. Mo kọ ọ́ pé mo ti bá ìyá mi sọ ọ̀rọ̀ ẹjọ́ náà, pé àwọn èèyàn olùjẹ́jọ́ sì ti wá bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kò ṣeé kà, pé kí n tún un kọ.

Wọ́n kó gbogbo àwọn tó kù jáde, ó ku èmi àti adájọ́ àti àwọn lọ́yà. Adájọ́ kò jágbe mọ́ mi. Ì bá jágbe, ì bá sàn. Ó bi mí ẹni tí mo sọ ọ́ fún. Mo ní ìyá mi. Ó ní kí n dárúkọ rẹ̀. N kò pe orúkọ ìyá mi sókè rí láyé mi, lójú rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Mo pè é níbẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, nítorí pé akọ̀wé kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Mo gbọ́ tó ń tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà adájọ́ ní kí àwa méjèèjìlá máa lọ sílé, pé àwọn á tún ẹjọ́ náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn. Mo bá ọkùnrin bíríkìlà ní kọ́rídọ̀. Kò fún mi ní súìtì.

Ọlọ́pàá gba fóònù mi fún oṣù mẹ́rin. Fún oṣù mẹ́rin, n kò gbọ́ ohùn ìyá mi nínú ilé, àfi tí mo bá yá fóònù ọ̀gá mi níbi iṣẹ́. Nígbà tó kan ẹjọ́ tèmi, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta fún mi, ṣùgbọ́n wọ́n fi kọ́ sókè, wọ́n ní tí mo bá tún ṣẹ̀, ó di kí n lọ ṣe é. Wọ́n ní mo ní láti jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn kí n tó lè di ọmọ ìlú náà. Mo padà sídìí aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Obìnrin ará Poland náà di apá kan mú, mo di apá kejì mú, a ká a.

Mo ronú púpọ̀ lákòókò yẹn nípa ibi tí mo ti jẹ́ ọmọ onílé. Ní ìlú òyìnbó, mo ti di ẹni tó ba nǹkan wọn jẹ́ ní ìgbà kan ṣoṣo tí wọ́n fi í lé mi lọ́wọ́. Ní Ṣàgámù, mo ti di ẹni tó fi ẹnu ara rẹ̀ ta ìyá rẹ̀ àti ọmọ ìlú rẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé èèyàn lè ní ilé méjì. Èmi ò mọ̀. Ó rẹ̀ mí, mo kàn ń wá ibi tí màá jókòó sí.

Mo lọ bá lọ́yà Wàsíù kí ẹjọ́ kejì tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n wá ṣàlàyé ohun tó wà nínú àwòrán náà fún àwọn méjìlá tuntun. Ó wò mí tàánútàánú. Ó ní, "Ìwọ kọ́, ìyáàfin. Tí wọ́n bá rí ọ, wọn ò ní rí nǹkan mìíràn mọ́." Ó ní òun á wá ẹlòmíràn. Bóyá ó wá a, bóyá kò wá a, n kò mọ̀. Wọ́n ní Wàsíù jẹ̀bi. Ọdún kan àbọ̀.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ fún mi. Ó ní àwọn ará Ijoku kò kí òun mọ́. Ó ní ìyá àgbà náà wá sí Sábó, ó dúró níwájú ìsọ̀ òun, kò bú òun, kò kúnlẹ̀, ó kàn béèrè ohun tí òun fi obì àwọn ṣe.

"Kí lẹ sọ fún un?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní kó má bínú." Ó wá ní, "Ṣé ó tutù níbẹ̀ lónìí?"

Mo ní ó tutù.

Oṣù karùn-ún tí Wàsíù ti wà lẹ́wọ̀n ni mo gba lẹ́tà rẹ̀. Ó kọ orúkọ mi sínú ìwé àwọn tó lè wá wo òun. Mo rò pé ó fẹ́ gbé mi ṣépè ni, mo sì lọ, nítorí pé ó tọ́ sí i. Yàrá ńlá kan ni, ó kún fún tábìlì, àwọn wọ́dà dúró lára ògiri. Wọ́n jẹ́ kí n ra tíì fún un. Ó ti rù. Nígbà tó rí mi, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, wọ́dà kan ké mọ́ ọn pé kó jókòó.

"Ẹ ṣé tẹ́ ẹ wá, Àǹtí."

"Wàsíù, má bínú sí mi."

"Mi ò bínú. Lọ́yà mi ní ẹ ti ní nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ bá mi sọ fún wọn kí ọ̀rọ̀ tó dàrú. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tó jẹ́. Mo máa ń rò ó."

Mo kọ́kọ́ rò pé n kò ní lè rántí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wà níbi tí mo tò ó sí, kò sí èyí tó jábọ́ nínú rẹ̀. Mo gbé ọwọ́ sórí tábìlì, mo sì bá a sọ ọ́ bí ẹni pé òun ni àwọn mọ́kànlá.

Mo ní, "Mo fẹ́ sọ fún wọn pé ọmọ yìí kò wá dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Níbi tí a ti wá, ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀bẹ̀ á sọ ara rẹ̀ di kékeré. Á fi àyà lélẹ̀, kí ẹ lè mọ̀ pé tó bá wù yín, ẹ lè gba orí òun kọjá. Ẹni tó fẹ́ jà kì í kọ́kọ́ dojú bolẹ̀. Obì tó wà nínú àpò rẹ̀, òun là ń pa jẹ nígbà tí ìjà bá parí. Ó gbé e wá nítorí ó gbà pé ìjà náà á parí. Ìgbà àkọ́kọ́ tó wá, a kì í dá irú wọn lóhùn nílé wa. Ìgbà kejì, a máa ń ṣe bí ẹni tínú ń bí. Ìgbà kẹta ni àgbà máa ń ní kí wọ́n dìde. Ìgbà kẹta yẹn ló ń dúró dè nínú òjò. Ó ń retí kí ìyá náà sọ pé kó dìde ni. Ìyá náà kò mọ̀ pé òun ló yẹ kó sọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ. Àwọn méjèèjì wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ilẹ̀kùn kan, wọ́n ń dúró de ara wọn. Ẹ má torí ìyẹn rán ọmọ ọlọ́mọ lọ sẹ́wọ̀n."

Ó ti tẹ orí ba. Omi ń bọ́ sórí tábìlì, ó ń fi apá aṣọ nù ún.

"Ó dáa, Àǹtí," ló wá sọ. "Ó dáa gan-an. Ìbá ti tó wọn."

"Mo mọ̀."

Ó di ife tíì náà mú, kò mu ún. Ó wo wọ́dà, ó wò mí, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mejì àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ náà ló rí, bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ yẹn. Ẹ̀ẹ̀kẹta yẹn, Àǹtí, mo gbójú sókè látilẹ̀. Mo rí i lẹ́yìn fèrèsé. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lára kọ́tìnnì. Mo rí i pé ẹ̀rù ló ń bà á. Mo ní jẹ́ kó bà á díẹ̀ sí i, bóyá á gbà." Ó mí kanlẹ̀. "Mi ò dìde."

Lọ́kàn mi, mo rí bàbá arúgbó yẹn lórí ilẹ̀ pálọ̀ wa, tó ní òun á sùn síbẹ̀, mo sì rí ìyá mi lórí àga rẹ̀. Ó yẹ kí inú bí mi, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí ju ìbínú lọ. Mo ní kó mu tíì rẹ̀ kó tó tutù. Ó mu ún tán, a sì jókòó wo ara wa títí wọ́dà fi ní kí àwọn àlejò máa lọ.